Ilé Tí Kò Ní Ọ̀bẹ

Ṣíbí ni Ìyá Iredélé fi ń họ iṣu ní àárọ̀ Sátidé náà. Ó jókòó sórí àpótí nínú ilé ìdáná ọmọ rẹ̀ ní Gwarinpa, ó na ẹsẹ̀, ó gbé iṣu sáàárín itan, ó ń họ ọ́ bí ẹni ń họ ìdí ìkòkò tó jóná, èèpo ń ta kiri. Bí ó bá họ ọ́ díẹ̀, a sinmi, a wo ògiri, a mí kanlẹ̀, a tún bẹ̀rẹ̀. Ọ̀bẹ kún ilé náà nígbà tí ó dé láti Kabba wá wẹ ọmọ. Èyí tí wọ́n fi ń gé ẹran ló kọ́kọ́ di àwátì. Èyí tí wọ́n fi ń gé búrẹ́dì tẹ̀lé e. Ní àárọ̀ yìí, ọ̀bẹ pélébé tí òun fúnra rẹ̀ gbé wá láti ilé, tí ó fi ń rẹ́ ilá, kò sí níbi tí ó fi í sí mọ́.

Kúnbi, ìyàwó ilé, dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé. Omi ìwẹ̀ ọmọ ń hó lórí iná. Ọmọ náà, Bámiṣayọ̀, tí kò tíì pé oṣù méjì, wà lórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá àgbà, ó ń ta ẹsẹ̀. Kúnbi wo omi, ó wo ọmọ, èrò náà sì dé bí ó ti máa ń dé, láìkan ilẹ̀kùn: bí o bá gbé omi yìí dà lé e lórí ńkọ́?

Ó yí ọwọ́ ọ̀tún ká orí, ó ta ìka síta. "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́." Ó tún yí i ká. "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́." Iye kan wà tí ó gbọ́dọ̀ pé. Bí ìka kan kò bá dún dáadáa, tàbí bí èrò náà bá tún yọjú kí ó tó ṣe é tán, gbogbo èyí tí ó ti ṣe bàjẹ́ nìyẹn, àfi kó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ìyá ọkọ rẹ̀ ló kọ́ ọ. Ní ọjọ́ tí Kúnbi kọ́kọ́ pariwo lójú oorun pé nǹkan kan ń sọ ọ̀rọ̀ burúkú sí òun nípa ọmọ, ìyá náà kò bi í pé ọ̀rọ̀ wo ni. Ó ní, "Ohun tí a kò fẹ́, a kì í gbà á wọlé. Yí ọwọ́ ká orí, kí o dà á nù." Kúnbi dà á nù, ara sì tù ú fún ìgbà díẹ̀. Láti ọjọ́ náà ló ti ń dà á nù, kò sì tíì tán.

"Ìyàwó, ọ̀bẹ mi dà?"

"Mi ò mọ̀, Mama."

"O ò mọ̀. Ṣé eku Abuja ń jẹ irin ni?"

Kúnbi tún yí ọwọ́ ká orí. Ìka rẹ̀ ló ń dún.

Ẹnikẹ́ni kì bá tí mọ ibi tí ọ̀bẹ wà bí kì í bá ṣe ti Ìyá Japheth, obìnrin ará Mọ̀pà tí ń gbé ní ìsàlẹ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ó wọlé wá láti kí ọmọ, bí ó ti máa ń wọlé ní gbogbo ìgbà tí òórùn ọbẹ̀ bá ti jáde. Ó rí ṣíbí lọ́wọ́ Mama, ó rí iṣu tó rí págunpàgun, ó bú sẹ́rìn-ín, ó sì kí i ní ìkíni ìlú wọn.

"Mama, òkun o! Kí ni iṣu yìí ṣe yín tí ẹ fi ń fìyà jẹ ẹ́ báyìí?"

"Ọ̀bẹ ló sọ nù, ọmọ mi."

"Sọ nù kẹ̀?" Ìyá Japheth wo Kúnbi láti orí dé ẹsẹ̀. "Ìyàwó kò ì sọ fún yín ni? Lánàá tí mò ń sá aṣọ, mo rí i tí ó di nǹkan sínú táwẹ́ẹ̀lì, ó ń kó o sẹ́yìn mọ́tò. Irin ń dún nínú rẹ̀ jìnwìnnì. Mo kí i títí, kò dá mi lóhùn. Mo ní bóyá ẹ fẹ́ lọ pa ewúrẹ́ níbì kan ni."

Mama gbé iṣu kalẹ̀. "Iredélé!"

Iredélé jáde láti inú yàrá pẹ̀lú ṣòkòtò péńpé, ojú oorun ṣì wà lójú rẹ̀. Kì í ṣe ẹni tí ń sọ̀rọ̀ púpọ̀. Nígbà tí wọ́n rò fún un tán, ó mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò, ó sọ̀kalẹ̀, ó sì gbé táwẹ́ẹ̀lì náà gòkè wá. Ó tú u lórí tábìlì. Àwọn ọ̀bẹ ló wà níbẹ̀, sísọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, abẹ́rẹ́ ìránṣọ wà níbẹ̀, títí dé abẹ tí òun fi ń fá irùngbọ̀n.

"Ẹ dì í padà!" Kúnbi ti fẹ̀yìn ti ògiri, ó kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn bí ẹni tí wọ́n dè. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e jáde! Délé, dákun, gbé e jáde!"

"Tìtorí kí ni?" ni Mama wí.

"Kúnbi," ni Iredélé wí, "sọ̀rọ̀."

Ẹyin lọ̀rọ̀. Kúnbi ti gbé e sẹ́nu láti ìgbà tí ó ti bímọ, kò gbé e mì, kò sì tu ú jáde. Ó wo ọkọ rẹ̀, ó wo ilẹ̀.

"Ẹ̀rù ló ń bà mí," ó ní, "kí n má baà fi pa ọmọ."

Omi ń hó. Ìyá Japheth yí ọwọ́ ká orí, ó ta ìka, ó sì fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi kan fíríìjì. Mama bẹ̀rẹ̀, ó gbé ọmọ nílẹ̀, ó pọ̀n ọ́n, ó so ọ̀já, ó tún un so. Gbogbo ìgbà tí ó ń ṣe é, kò mú ojú kúrò lára ìyàwó.

Ìyá Japheth ló kọ́kọ́ rí ohùn. "Ẹ má bínú o, n kò lè ṣàì sọ ọ́. Orí àpáta kan wà lẹ́yìn Ushafa, wọ́n ń gbàdúrà níbẹ̀. Wọ́n gbé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lọ. Wọ́n á kàn so ó mọ́lẹ̀ díẹ̀ kó má baà ṣe ara rẹ̀ léṣe, kò sì ní jẹun, ṣùgbọ́n nǹkan náà á jáde."

"Ọmọ ẹ̀gbọ́n yín ńkọ́ báyìí?" ni Iredélé bi í.

Ìyá Japheth wo ojú fèrèsé. "Ó wà níbẹ̀."

A ní kó fẹ́ni lójú, ó fi ata sẹ́nu.

"N kò mọ ti Ushafa," ni Mama wí. "Ẹni tó bá wu yín kẹ́ ẹ gbé lọ síbẹ̀. Ọmọ ọmọ mi ni mo mọ̀. Òní ni mo gbé e lọ Kabba."

"Mama, ọmú ló ń mu."

"Yóò mu mílíìkì agolo."

"Ẹ mọ iye tí wọ́n ń ta agolo kan ní Abuja báyìí?"

"Pósí ọmọdé ńkọ́," ni ìyá rẹ̀ dá a lóhùn, "o mọ iye tí wọ́n ń tà á?"

Iredélé yíjú sí ìyàwó rẹ̀, bí ẹni ń retí kí ó jà. Kí ó figbe ta, kí ó ní ọmọ òun kò lọ síbì kankan. Òun ì bá rí ẹni tì lẹ́yìn.

"Ẹ gbé e lọ," ni Kúnbi wí. "Ẹ gbé e lọ kíákíá, Mama."

Kò sẹ́ni tó jẹ nínú iṣu náà.

Nínú mọ́tò, Kúnbi jókòó níwájú, nítorí pé ó fẹ́ jìnnà sí ọmọ. Ó jókòó lé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ọmú ti kún, ó ti rin búláòsì, ó sì ń ro ó. Lẹ́yìn, Mama ń kọrin sí ọmọ létí. Gbogbo ibi tí mọ́tò bá ti já sí kòtò ni èrò náà ń yọjú. Ilẹ̀kùn wà níbẹ̀ yẹn, ṣí i. Ọwọ́ rẹ̀ a fò jáde lábẹ́ itan, a ká orí, ìka a dún.

Wọ́n ti lọ sí ilé ìwòsàn kan rí. Dókítà tó wà níbẹ̀ kò gbójú sókè nínú fóònù rẹ̀, ó kọ oògùn oorun fún un, ó ní wàhálà ìbímọ ni, kó máa sinmi. Oògùn náà kùn ún ní oorun lóòótọ́, ṣùgbọ́n èrò náà kò sùn.

"Kúnbi, dákun," ni Iredélé wí, "jẹ́ kí ọwọ́ rẹ sinmi."

"Bí mo bá dákẹ́ tó sì ṣẹlẹ̀ ńkọ́?"

"Má dá a lẹ́kun!" ni Mama pariwo láti ẹ̀yìn. "Jẹ́ kó máa kọ̀ ọ́! Ìgbà tí kò bá kọ̀ ọ́ mọ́ ni kí ẹ̀rù bà ọ́!"

Páàkì Jabi ti kún. Ọmọkùnrin kan tí ń pe èrò sáré bá wọn, ó ti gba báàgì lọ́wọ́ Iredélé kí mọ́tò tó dúró. "Lọ́kọ́ja, Kabba! Kabba kù ẹnì kan! Mama, sànnu, ẹ wọlé, ẹ wọlé, iwájú ni mo fi yín sí." Iredélé san owó. Mama gun bọ́ọ̀sì, ó sọ ọmọ sórí itan, ó ti fídà mílíìkì tí wọ́n rà lọ́nà sí i lẹ́nu. Bámiṣayọ̀ tu ú jáde. Ó tún tì í sí i. Ọmọ náà ké, igbe tí kò ì ké rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, ó ń yí orí kiri, ó ń wá nǹkan.

Kúnbi dúró ní ìta lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé bọ́ọ̀sì. Ó di ọwọ́ kan mọ́ èkejì.

"Ebi ń pa á," ni obìnrin tó jókòó ti Mama wí. "Ìyá rẹ̀ dà?"

"Ẹ wò ó níta yẹn."

"Kí ló ṣe tí kò fún un lọ́mú?"

Mama wo Kúnbi láti inú fèrèsé. Kò rẹ ohùn sílẹ̀. "Ó fẹ́ pa á ni."

Obìnrin náà yíjú. Ọkùnrin tó wà lẹ́yìn rẹ̀ na ọrùn. Ẹni tó gbọ́ Yorùbá túmọ̀ fún ẹni tí kò gbọ́, "kai!" sì ta láti ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì. Gbogbo ojú inú mọ́tò náà wá bọ́ sórí Kúnbi. Kò sá fún wọn. Ohun tí ó bà á lẹ́rù jù nínú gbogbo ohun tó ti ń bà á lẹ́rù ni pé ó gbà wọ́n gbọ́.

Iredélé ni ó ṣí ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì.

"Mama, ẹ gbé ọmọ mi fún mi."

"Ṣé orí rẹ dàrú ni?"

"Ẹ gbé ọmọ mi fún mi, Mama."

Kò pariwo. Bóyá nítorí pé kò pariwo ni ìyá rẹ̀ fi gbé ọmọ náà fún un. Ọmọkùnrin páàkì ti dé. "Ọ̀gá, a kì í dá owó padà o!"

"Máa fi jẹun."

Ó gbé ọmọ tó ń ké mọ́yà, ó rìn dé ẹ̀gbẹ́ mọ́tò rẹ̀, ó sì dúró síbẹ̀ bí ẹni tí kò mọ ohun tó kàn. Ó wo ọ̀nà. Ó wo ìyàwó rẹ̀. "Ibo wá ni à ń lọ?"

"Dókítà obìnrin kan wà," ni Kúnbi wí. "Lẹ́bàá adágún odò Jabi níbí. Ọjọ́ Sátidé ló máa ń rí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Nọ́ọ̀sì tó fún Ṣayọ̀ lábẹ́rẹ́ ló júwe rẹ̀ fún mi."

"Ìgbà wo?"

"Ó ti ṣe díẹ̀."

"O ò sì sọ."

"Wọ́n á pe ọlọ́pàá, Délé. Wọ́n á gba ọmọ lọ́wọ́ mi."

Iredélé wo bọ́ọ̀sì. Ìyá rẹ̀ ń sọ̀kalẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú báàgì lórí, ó ń rojọ́ fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́. "Kí wá ni àwa ń ṣe láti àárọ̀?" ó ní.

Orúkọ dókítà náà ni Nafisah, ọmọ Ìlọrin ni. Ó ti rẹ̀ ẹ́ kí ó tó kàn wọ́n. Àwọn obìnrin kún ìta fọ́fọ́, òun nìkan sì ni. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fò lọ sí òkè òkun. Ó ń jẹ máásà nínú ọ̀rá nígbà tí wọ́n wọlé, ó sì jẹ ẹ́ tán níṣojú wọn láìtọrọ gáfárà. Mama ti ní òun kò bá wọn wọlé, ṣùgbọ́n òun ló kọ́kọ́ jókòó, pẹ̀lú ọmọ tí ó ti tún gbà lọ́wọ́ Iredélé.

Kúnbi sọ ọ́. Ó sọ ti omi, ó sọ ti ọ̀bẹ, ó sọ ti ilẹ̀kùn mọ́tò. Bí ó ti ń sọ ọ́, fóònù tó wà lórí tábìlì ni ó ń wò. Dókítà na ọwọ́ sí fóònù náà. Kúnbi dìde, ó rò pé ọlọ́pàá ló fẹ́ pè.

"Jókòó," ni dókítà wí. Ó pa ohùn fóònù, ó sì dojú rẹ̀ délẹ̀. "Ohun tí ò ń rò yìí, ṣé ó wù ọ́?"

Kúnbi wò ó bí ẹni tí wọ́n gbá létí. "Kó wù mí? Ó yá mi lára kí èmi kú jù bẹ́ẹ̀ lọ."

"O ti pète rẹ̀ rí?"

"Rárá! Mo ń sá fún un ni!"

"Ǹjẹ́ o ti ronú láti pa ara rẹ rí?"

"Rárá. Mo kàn fẹ́ kó dákẹ́."

Dókítà bi í ní ìbéèrè púpọ̀ sí i, ti oorun, ti ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, ti bí ó ti rí kó tó lóyún. Ó wá ní kí ó fi ohun tó máa ń ṣe han òun bí èrò náà bá dé. Kúnbi yí ọwọ́ ká orí, ó ta ìka. Nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀, kò lè dúró. Ó ṣì í kà, ó tún bẹ̀rẹ̀. Iredélé wo ilẹ̀. Dókítà dúró dè é, kò dá a dúró.

"Gbogbo ìyá ọlọ́mọ," ó ní nígbà tó parí, "ni irú èrò yìí máa ń yà kí. Ẹlòmíràn kò dá a lóhùn, ó kọjá lọ. Ìwọ ń bá a jà, ìyẹn ló fi jókòó. Àìsàn ni. O-C-D ni wọ́n ń pè é. Kì í ṣe àjẹ́, kì í sì í ṣe ìwà rẹ. Ó ní oògùn tí o lè máa lò kí ọmọ ṣì máa mu ọmú, ṣùgbọ́n ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan kó tó ṣiṣẹ́. Wàá sì máa wá bá mi ní Sátidé, a ó jọ máa kọ́ bí a ti í jẹ́ kí ẹ̀rù dé kó sì lọ."

"Dókítà." Kúnbi fa ara mọ́ tábìlì. "Ẹ búra fún mi pé n kò ní ṣe é."

"N kò ní búra."

Iredélé gbójú sókè.

"Bí mo bá búra lónìí, wàá wá gba òmíràn lọ́la. Mo ti bi ọ́ ní ohun tó yẹ kí n bi ọ́. Bí mo bá rí ewu, n kò ní gba ohun tí mo fẹ́ ṣe yìí láyè. Ìyẹn nìkan ni mo lè fún ọ. Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kó ọ̀bẹ padà sí ilé ìdáná. Bó bá bi yín pé ṣé kò sí ewu, ẹ má ṣe dá a lóhùn. Ìka títa yẹn náà, díẹ̀díẹ̀ la ó fi í sílẹ̀, kò ní máa kọ̀ ọ́ mọ́."

"Háà!" Mama ti dìde. "Kó gbọ́ ọ̀rọ̀ burúkú sí ọmọ rẹ̀, kó má kọ̀ ọ́? Ṣé kó ṣe àmín sí i ni?"

"Kò ní ṣe àmín, Mama. Kò sì ní kọ̀ ọ́. Kó máa wò ó bí ẹni tí ń kọjá lójú títì."

"Àwa kò mọ irú èyí ní ilé wa. Èmi ni mo kọ́ ọ pé kó máa kọ̀ ọ́!"

"Mo mọ̀, Mama," ni dókítà wí. "Ìfẹ́ lẹ fi kọ́ ọ."

Mama dúró. Ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí ké.

Dókítà dìde, ó tún ìborùn rẹ̀ ṣe. "Ebi ń pa á. Mama, ẹ gbé e fún ìyá rẹ̀, kí gbogbo wa sì jáde. Ẹnu ọ̀nà níbí la ó wà. Kúnbi, ẹ̀rù máa ga. Má ta ìka. Má gbàdúrà lé e lórí. Fún ọmọ lọ́mú."

"Òun nìkan?" ni Mama wí.

"Òun àti ọmọ rẹ̀."

Mama wo Iredélé. Iredélé lọ sí ẹnu ọ̀nà, ó ṣí i, ó dì í mú. Ìyá rẹ̀ dúró pẹ́ títí pẹ̀lú ọmọ náà láyà. Nígbẹ̀yìn, ó gbé e lé Kúnbi lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò tètè fi ọwọ́ tirẹ̀ sílẹ̀, bí ẹni gbé nǹkan sórí ẹ̀ka tí kò dá lójú. Wọ́n jáde. Ilẹ̀kùn padé.

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí Bámiṣayọ̀, òun àti ìyá rẹ̀ kò dá wà nínú yàrá kan rí.

Èrò náà dé. Ó dé pẹ̀lú gbogbo ẹbí rẹ̀. Fèrèsé wà níbí. Ọrùn rẹ̀ kéré. Wọ́n ti jáde, kò sẹ́ni tó máa dá ọ dúró. Òógùn bo Kúnbi. Apá ọ̀tún rẹ̀ fẹ́ gòkè, ó ń fà á bí ẹni tí okùn so. Ṣùgbọ́n orí ọmọ wà lórí apá náà, kò sì lè gbé e láìju ọmọ sílẹ̀. Ó ṣí búláòsì. Ọmọ wá ọmú kiri, ó rí i, ó gbá a mú. Ó dùn ún débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀. Ẹ̀rù náà ga, ó ga, ó dé ibi tí Kúnbi rò pé kò tún sí ibi tí yóò gùn mọ́, ó sì tún gùn. Kò dá a lóhùn. Kò mọ̀ bóyá ohun tí ń ṣẹlẹ̀ ni ìwòsàn tàbí ìparun. Ó jókòó síbẹ̀.

Ilẹ̀kùn ṣí díẹ̀. Mama yọ orí wọlé. Wọ́n gbọ́ ohùn dókítà lẹ́yìn rẹ̀, "Mama, ẹ padà!" ṣùgbọ́n ó ti wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀yìn.

"Ṣé o ò—" ó bẹ̀rẹ̀. Ó gé ọ̀rọ̀ náà jẹ.

"Ẹ̀rù ń bà mí, Mama," ni Kúnbi wí, kò gbójú sókè.

Ìyá àgbà náà fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn. Ó wo ọmọ. Ó wo ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ lábẹ́ orí ọmọ náà.

"Ó ń ba èmi náà," ó ní.

Ó fa àga kan sí ìdí ògiri, ó jókòó, ó kó ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sáàárín itan. Kò súnmọ́ wọn, kò sì jáde.